Kí ló dé tí wọ́n tẹ 140 sára owó fàdákà Venice, tí wọ́n sì ń ná an ní 248?

Bí scudo, owó fàdákà ńlá ti ìlú Venice, bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ yí ojú kejì rẹ̀ sókè kí ẹ wo ìsàlẹ̀, lábẹ́ kìnnìún. Wọ́n tẹ 140 síbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé 140 soldo, ìyẹn owó kékeré ìlú náà, ni wọ́n ń ṣẹ́ owó náà. Ṣùgbọ́n ní 1750, ẹni tó bá gbé scudo kan dé ọjà Rialto, 248 soldo ni wọ́n máa kà fún un. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìjọba tó tẹ 140 sí i lára náà ló fọwọ́ sí 248.

Ti ducato, owó Venice mìíràn, tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé ìtàn pé oníṣòwò kan jẹ gbèsè 100 ducato á sáré lọ wo iye tí wúrà ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á fi sọ ọ́ di náírà. Bí gbèsè náà bá jẹ́ ti 1600 tàbí 1750, ó ti ṣìnà, nítorí ducato tí wọ́n ń kọ sínú ìwé nígbà náà kì í ṣe wúrà mọ́. Ká sòótọ́, kì í ṣe ohun tí ọwọ́ lè dì mú rárá.

Ìlú wo ni Venice, kí ló pa á pọ̀ mọ́ fàdákà?

Lónìí, ìlú kan lára Ítálì ni Venice. Kó tó di 12 oṣù Karùn-ún 1797, tí ó wó lọ́wọ́ Napoleon, orílẹ̀-èdè ni fúnra rẹ̀. Kò ní ọba. Àwọn ọlọ́lá ìlú ló ń yan olórí tí wọ́n ń pè ní Doge, ó sì máa ń wà lórí oyè títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Inú omi ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, ọkọ̀ ojú omi sì ni oko tí wọ́n ń ro.

Láti ilẹ̀ Jámánì àti àwọn òkè Tyrol ni fàdákà ti ń wọlé. Lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í wa fàdákà Potosí ní 1545, nílẹ̀ tó di Bolivia lónìí, ti ibẹ̀ náà ń dé. Láti Venice, fàdákà tún ń wọkọ̀ lọ sí Alexandria ní Íjíbítì àti Aleppo ní Síríà, nítorí pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ka fàdákà sí ju bí àwọn ará Yúróòpù ṣe kà á sí lọ. Òun ni wọ́n fi ń ra ata, òwú àti sílíìkì. Nítorí náà, ọjà ni fàdákà jẹ́ ní Venice kó tó jẹ́ owó. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Lira, soldo, denaro: kí ni wọ́n?

Denaro 12 ni soldo kan. Soldo 20 ni lira kan. Ó parí.

Àwọn àgbà tó ná owó ní Nàìjíríà kó tó di 1 oṣù Kìn-ín-ní 1973 mọ ìṣirò yìí bí ẹni mowó: kọ́bọ̀ àtijọ́ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì bára mu. Ìdílé kan náà ni owó Gẹ̀ẹ́sì àti owó Venice ti wá. Àmì pọ́n-ùn tí a ń kọ bíi L tí wọ́n fi ìlà dábùú dúró fún libra, tí í ṣe lira. D tí wọ́n fi ń kọ kọ́bọ̀ àtijọ́ dúró fún denarius, tí í ṣe denaro. Ẹni tó bá mọ tọ́rọ́ àti sísì, ó ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ Venice.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, kò sí owó kankan tó ń jẹ́ lira. Bí a ṣe ń sọ pé "dọ́sìnnì kan" ni wọ́n ń sọ ọ́: orúkọ iye ni, kì í ṣe orúkọ nǹkan. Ìgbà tó di 1472 ni Doge Nicolò Tron rọ lira tí ọwọ́ lè mú, gíráàmù 6.52. Ó fi àwòrán orí ara rẹ̀ sí i. Inú àwọn ọlọ́lá ìlú kò dùn sí i, nítorí ọba ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kú, wọ́n fòfin dè é: Doge kankan kò gbọ́dọ̀ fi orí rẹ̀ sára owó mọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá rí Doge lára owó, á wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Máàkù Mímọ́, ẹni mímọ́ tí ìlú náà gbà ní alábòójútó.

Owó tí wọ́n ń kà àti owó tí wọ́n ń ná

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Nígbà tí náírà dé ní 1973, pọ́n-ùn lọ, ṣùgbọ́n kò lọ lẹ́nu. Ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá, náírà méjì ṣì ń jẹ́ "pọ́n-ùn kan", kọ́bọ̀ tuntun mẹ́wàá ṣì ń jẹ́ "ṣílè". Ìyálọ́jà tó bá ní kí ẹ mú pọ́n-ùn mẹ́ta wá kò retí owó Ọbabìnrin. Náírà mẹ́fà ló ń retí. Pọ́n-ùn di òṣùwọ̀n: wọ́n ń fi kà, wọn ò fi ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ducato nìyẹn. Ní 1284, Venice bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ducato wúrà, nǹkan bíi gíráàmù 3.5, wúrà gidi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà kankan. Nígbà tó fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, iye rẹ̀ ní fàdákà ti dúró sí 124 soldo, ìyẹn lira 6 àti soldo 4. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akọ̀wé oníṣòwò fi ń kọ "ducato kan" nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ 124 soldo.

Lẹ́yìn náà ni wúrà gbówó lórí. Ducato wúrà kúrò ní 124, ó ń gòkè lọ. Ṣùgbọ́n ducato inú ìwé kò tẹ̀ lé e, torí pé owó ilé, owó orí àti gbèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ti fi 124 ṣírò. Àwọn méjèèjì pínyà. Ti ìwé mú orúkọ dání. Ti wúrà gba orúkọ tuntun, zecchino, láti ara Zecca, ilé tí wọ́n ti ń rọ owó.

Ìjọba wá gbìyànjú láti fún orúkọ náà ní ara. Ní ayé Doge Girolamo Priuli (1559–1567), wọ́n rọ ducato fàdákà, wọ́n tẹ 124 sí i. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n soldo tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ń rù lójoojúmọ́, fàdákà inú ducato kò sì rù. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ducato fàdákà mìíràn tí ó kéré sí i ló wà níta, gíráàmù 22.7, lira 8 sì ni wọ́n ń ná an. Lira 8 jẹ́ 160 soldo. Nítorí náà owó tó ń jẹ́ ducato ju ducato lọ! Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ owó kíkà àti owó níná, orí rẹ̀ á fò lọ níbí.

Kí ló wà nínú scudo gan-an?

Ní 1578, lábẹ́ Doge Nicolò da Ponte, ni scudo fàdákà jáde. Gíráàmù 31.8 ni, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, iye rẹ̀ sì jẹ́ lira 7, ìyẹn 140 soldo. Ojú kan ní àgbélébùú tí wọ́n gbẹ́ ewé àti òdòdó yí ká, orúkọ Doge sì lọ yípo etí rẹ̀. Ojú kejì ní kìnnìún Máàkù Mímọ́ nínú apata, orúkọ Máàkù Mímọ́ yí i ká, 140 wà nísàlẹ̀. Ẹ tún máa rí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta kan tó dá dúró: ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó fàdákà ní Zecca nígbà náà ni. Bí owó náà bá fúyẹ́, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bi.

Fàdákà nìkan rọ̀ jù láti fi ṣe owó. Bàbà díẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kó lè le. Ọ̀nà tí àwọn ará Venice ń gbà sọ bí bàbà náà ṣe pọ̀ tó ṣàjèjì. Wọ́n ní ìwọ̀n kan tó ń jẹ́ marca, nǹkan bíi gíráàmù 238.5, wọ́n sì pín in sí carato 1,152. Dípò kí wọ́n sọ iye carato tó jẹ́ fàdákà, èyí tó jẹ́ bàbà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń pè é ní peggio, "èyí tó burú jù". Ó dà bí ẹlẹ́mu tó sọ fún yín pé "omi inú rẹ̀ kò ju ife kan lọ" dípò kó sọ iye ẹmu. Lójú tèmi, òótọ́ inú wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Peggio 60 ni scudo. Ẹ yọ 60 kúrò nínú 1,152, ó ku 1,092. Ẹ fi 1,152 pín in, ó jẹ́ 0.948. Nítorí náà, nínú gíráàmù 31.8 tí scudo wọ̀n, fàdákà gidi jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 30.1. Ducato fàdákà kékeré tí a sọ lókè jẹ́ peggio 200, ìyẹn 0.826: omi pọ̀ nínú ẹmu yẹn díẹ̀.

Kí ló sọ 140 di 248?

Ẹ má wo scudo. Soldo ni kí ẹ wò.

Bí a bá pín fàdákà inú owó ńlá sí iye soldo tí wọ́n ń ná an, a ó mọ iye fàdákà tí soldo kan dúró fún. Ní 1472, lira Tron ní fàdákà tó tó gíráàmù 6.18, ẹ pín in sí 20, soldo kan jẹ́ gíráàmù 0.309. Ní 1578, ẹ pín 30.1 inú scudo sí 140, soldo kan ti di 0.215. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, tí scudo di lira 12 àti soldo 8, ìyẹn 248 soldo, soldo kan kò ju 0.121 lọ. Scudo dúró síbi tó wà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ló ń kéré sí i. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ dọ́là rí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. 100 tó wà lára bébà dọ́là kò yí padà láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ bi náírà.

Kí ló ń mú soldo rù? Àkọ́kọ́, iṣẹ́. Òòlù tí wọ́n máa fi lu owó kékeré kan kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí èyí tí wọ́n máa fi lu scudo kan. Kí fàdákà kan tó di scudo, ẹyọ kan ni wọ́n máa rọ. Kó tó di soldo, ẹyọ 140. Ta ló máa san owó òṣìṣẹ́? Fàdákà inú soldo ni wọ́n ń dín kù láti fi rí i. Èkejì, ìjọba tó ń jagun nílò owó kíákíá, owó kékeré tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀ sì ni èrè rẹ̀ yá jù. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ọjà máa ń jẹ owó kékeré: láti àpò dé àpò, láti ọwọ́ ẹlẹ́ja dé ọwọ́ alábúrẹ́dì, ojú rẹ̀ á kú, á sì fúyẹ́.

Bí ìjọba bá wá fi dandan lé e pé 140 ni kí wọ́n máa ná scudo nígbà tí fàdákà inú rẹ̀ ti tó ra 160 soldo ńkọ́? Ẹ fi ara yín sípò oníṣòwò. Ṣé ẹ máa fi scudo ra búrẹ́dì? Ẹ máa fi soldo ra búrẹ́dì, ẹ máa di scudo sínú àpótí, ẹ máa fi ránṣẹ́ sí Aleppo, tàbí kí ẹ yọ́ ọ. Láàárín oṣù díẹ̀, scudo á pòórá lójú ọjà, soldo tó ti gbó nìkan ló máa kù. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi máa ń kọ́kọ́ halẹ̀, tí á fìyà jẹ díẹ̀ nínú wọn, tí á sì wá gbà níkẹyìn pé iye ọjà ni iye. Iye 248 kò sọ scudo di owó tuntun. Ìjọba kàn gbà pé soldo ti rù ni.

Wọ́n ì bá ti pa 140 rẹ́ nígbà náà, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti di orúkọ ni. Giustina, owó fàdákà ńlá mìíràn tó ní 124 lára, náà bẹ́ẹ̀: lira 11 ni wọ́n ń ná an ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ìyẹn 220 soldo, síbẹ̀ 124 kò kúrò lára rẹ̀.

Gbèsè 100 ducato ní 1750: kí ni wọ́n máa san?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ducato inú ìwé kan jẹ́ 124 soldo, nítorí náà 100 jẹ́ 12,400 soldo, ìyẹn lira 620. Iye tí a ó sọ yìí ni wọ́n ń ná owó níná lẹ́yìn 1739: zecchino lira 22, scudo lira 12 àti soldo 8, ducato fàdákà lira 8.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wúrà san án, zecchino 28 jẹ́ lira 616, ẹ fi lira 4 kún un. Ẹ wò ó dáadáa: wúrà 28, kì í ṣe 100. Bí ó bá jẹ́ scudo, 50 géérégé, nítorí pé 248 jẹ́ 124 lọ́nà méjì. Bí ó bá jẹ́ ducato fàdákà, 77 àti ààbọ̀. Ẹni tó gbé ducato fàdákà 100 lọ ti fi 22 àti ààbọ̀ ta ẹni tó yá a lówó lọ́rẹ.

Ó tún ku ducato báǹkì. Láti 1619, Venice ní Banco del Giro, báǹkì ìjọba. Àwọn oníṣòwò ńlá kì í ru fàdákà kiri níbẹ̀. Akọ̀wé ló ń yọ ọ́ kúrò lórúkọ ẹnì kan, tí á kọ ọ́ sí orúkọ ẹlòmíràn, bí a ṣe ń fi fóònù ránṣẹ́ owó lónìí. Ducato báǹkì níye lórí ju ti ọjà lọ, nǹkan bíi 20 nínú 100. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "ducato" nínú ìwé àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ti wúrà ni, ti ìwé ni, ti fàdákà ni, àbí ti báǹkì?

Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́, àti ibi tó ti ń bàjẹ́

Zecca tí Jacopo Sansovino bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1536 ṣì wà létí omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Máàkù Mímọ́. Òkúta ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀, kò sí igi níbẹ̀, nítorí iná ìléru.

Wọ́n á yọ́ fàdákà pọ̀ mọ́ bàbà, wọ́n á dà á sí ọ̀pá pẹlẹbẹ, wọ́n á fi òòlù lù ú títí á fi fẹ́lẹ́. Wọ́n á fi alumọ́gàjí ńlá gé e róbótó, wọ́n á wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wúwo jù, wọ́n á fi ayùn rẹ́ ẹ. Èyí tó fúyẹ́ jù padà sínú iná. Lẹ́yìn náà wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú omi kíkan kí bàbà ojú rẹ̀ lè bọ́, kó lè funfun. Wọ́n á wá gbé e sáàárín irin méjì tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí: ti ìsàlẹ̀ wà nínú kùkùté igi, ti òkè wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, òòlù á sì bà á lórí.

Níbi tí irin òkè bá ti fò díẹ̀, àwòrán á di méjì-méjì, tàbí kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí lẹ́tà etí rẹ̀ má hàn. Scudo tó rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Àbùkù gidi ni pé etí rẹ̀ kì í gún régé, nítorí náà ẹni tó bá fi ọ̀bẹ rẹ́ díẹ̀ kúrò, ojú lè má tètè rí i. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n kì í fi í kúrò lórí tábìlì àwọn tó ń ṣẹ́ńjì owó ní Rialto.

Ẹ fẹ́ ra ọ̀kan?

Ẹ wọ̀n ọ́n. Bí scudo bá fi gíráàmù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fúyẹ́ ju 31.8 lọ, wọ́n ti rẹ́ etí rẹ̀, tàbí kó jẹ́ ayédèrú. Lẹ́yìn náà, ẹ so òwú mọ́ ọn, ẹ rì í sínú ife omi tó wà lórí òṣùwọ̀n, kó má kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wo bí nọ́ńbà ṣe lé. Scudo gidi á fi nǹkan bíi gíráàmù 3.06 lé e. Bàbà tí wọ́n kùn ní fàdákà, tó wọ̀n bákan náà, á fi 3.5 lé e. Ẹ má fi nǹkan bó o. Àwọ̀ dúdú tó wà lójú fàdákà àtijọ́ wà lára ohun tí àwọn olùrà ń sanwó fún.

Bí wọ́n bá pe ọ̀kan ní osella, kì í ṣe owó gan-an. Tẹ́lẹ̀, ọdọọdún ni Doge máa ń fi pẹ́pẹ́yẹ igbó ta àwọn ọlọ́lá ìlú lọ́rẹ. Pẹ́pẹ́yẹ kò tó mọ́, nítorí náà láti 1521 ó ń fún wọn ní fàdákà tí wọ́n rọ fún ọdún yẹn, orúkọ ẹyẹ sì mọ́ ọn lára: osella, "ẹyẹ". Gazzetta ní tirẹ̀ jẹ́ owó kékeré, soldo 2. Iye tí wọ́n ń ta bébà ìròyìn ìlú nìyẹn, wọ́n sì ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gásẹ́ẹ̀tì tí ìjọba wa ń lò ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ má sì wá ọdún lára scudo. Kì í sábà sí níbẹ̀. 140 náà kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí ó wà lára ti Nicolò da Ponte (1578–1585), ó sì wà lára ti Ludovico Manin (1789–1797), Doge tó kẹ́yìn. Orúkọ tó yí àgbélébùú ká ni kí ẹ kà, kí ẹ wá wo ọdún tó fi wà lórí oyè.